Bọ́tìnì Tí Kò Fọhùn

Nígbà tí fóònù ṣì máa ń ronú pẹ́ kó tó dáni lóhùn, obìnrin kan wà tó ń kọ kóòdù fún ilé ìwòsàn ojú kan. Sísí Kóòdù ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Òun ló kọ ìkànnì tí àwọn aláìsàn fi ń gba ọjọ́ iṣẹ́ abẹ: kọ orúkọ, kọ nọ́ńbà fóònù, tẹ bọ́tìnì, ó parí. Ogójì àyè péré ni dókítà ń ṣí lóṣù.

Lóṣù tí à ń wí yìí, bàbá rẹ̀ náà ń wá àyè. Káfíńtà ni. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti ṣú, tòsì ti ń tẹ̀ lé e, dókítà sì ní kí oṣù yẹn má kọjá láìṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ṣùgbọ́n kí bàbá tó débẹ̀, ìkànnì ní àyè ti tán.

Nọ́ọ̀sì àgbà rí bí Sísí Kóòdù ṣe tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. "Iṣu àti ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ẹ. Yọ ẹnì kan, fi bàbá ẹ sí i. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi náà máa mọ̀, Màmá. Ẹ bá mi mú ẹni tí ojú tiẹ̀ ò ṣe pàtàkì."

Nọ́ọ̀sì yọjú lókè èjìká rẹ̀, ó ń ka orúkọ tó wà lójú kọ̀ǹpútà lọ. Ó dúró lójijì. "Obìnrin yìí gbàyè lẹ́ẹ̀mẹ́rin! Ojú mélòó ló ní?"

"Wọn ò ní sùúrù ni. Mo ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n má tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mejì."

"Lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín, fún ẹni tí ojú ń dùn. O kú iṣẹ́!"

Ọ̀rọ̀ náà bá a délé. Ó ṣí ẹ̀dà ìkànnì náà, èyí tí kò kan ti àwọn aláìsàn, ó gbé e síwájú bàbá. "Ẹ gbàyè lójú mi. Mi ò ní dá sí i."

Bàbá tẹ bọ́tìnì. Nǹkan kan ò mira. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Ara Sísí Kóòdù ò gbà á mọ́. "Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, Bàbá! Kí lẹ tún ń tẹ̀ ẹ́ sí?"

"Tí mo bá kanlẹ̀kùn tí wọn ò dáhùn, mo máa tún un kàn ni. Àbí báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́?"

Lọ́jọ́ kejì, ó tún kóòdù kọ. Bí èèyàn bá ti tẹ bọ́tìnì báyìí, bọ́tìnì á tì, á sì kọ ọ́ gàdàgbà pé: *A ti gbọ́. Ẹ dúró díẹ̀.* Kò gbẹ́kẹ̀ lé bọ́tìnì nìkan. Ó fún fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí fọ́ọ̀mù kan bá dé lẹ́ẹ̀mejì, kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn á dá a mọ̀, á sì fi ìkejì sílẹ̀.

Ó ku kó tún èyí tó ti bàjẹ́ ṣe. Ó kọ ẹ̀dà àkọsílẹ̀ pamọ́, ó kọ ìlà kan tí yóò pa gbogbo orúkọ tí nọ́ńbà fóònù wọn bára mu rẹ́, ẹyọ kan ni yóò ṣẹ́ kù. Ìka ti dórí bọ́tìnì kó tó rántí pé fóònù kan náà ni bàbá àti ìyá òun ń lò. Ó ká ọwọ́ kò. Òun àti nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tí nọ́ńbà wọn bára mu lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ má yọ wá o!" obìnrin kan pariwo. "Ìyá àti ọmọ ni wá, ẹni méjì ni wá!"

Nígbà tí wọ́n pè wọ́n tán, àyè mọ́kànlá ló ṣí sílẹ̀. Sísí Kóòdù kọ ọ́ sójú ìkànnì ní ọjọ́ Ẹtì pé aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọn yóò ṣí i fún gbogbo ayé.

Láago mẹ́jọ, bàbá jókòó síwájú ìkànnì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọmọ rẹ̀ káwọ́ sẹ́yìn. Bàbá tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́wọ́ lé orúnkún, ó ń dúró.

"Ó ní Ọjọ́rú ni iṣẹ́ abẹ mi," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ṣé ìwọ lo fi mí síbẹ̀?"

"Ìka yín ni, Bàbá."

Bàbá mi orí. Ó táràrà wá ṣọ́ọ̀kì lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kọ ỌJỌ́RÚ sára ògiri, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́.