Ìdánwò Méjì Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀

Gòjé ńlá náà há sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó Maren tó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Maren fi èjìká tì í, ó fi orúnkún tì í, kò lọ. Yìnyín ń fẹ́ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kẹ́mísìrì, àwọn tó wà lẹ́yìn ń pariwo pé kó sún, òtútù ń pa àwọn.

"Ọkọ rẹ yìí ti sanra jù," ni Odell wí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní láàbù. "Fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò."

"Kí òtútù là á sí méjì? Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, jàre."

Inú ti ń bí Maren tipẹ́, ṣùgbọ́n ti òní yàtọ̀. Ó ń kọ́ṣẹ́ gòjé, ó tún ń kọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di dókítà. Ọjọ́ Ajé ni ìdánwò láàbù yẹ kó wáyé. Yìnyín dínà, wọ́n ti ilé-ìwé pa, wọ́n wá gbé e sí ọ̀sán òní, Ọjọ́bọ̀, wákàtí kan náà tí Maren máa jókòó síwájú àwọn olùkọ́ orin láti ta gòjé. Bí kò bá ta á, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ orin. Bí kò bá ṣe ti láàbù, kò sẹ́ni tó máa kọ̀wé fún un sílé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn.

Ó ti bẹ Rosalba, olùkọ́ gòjé rẹ̀. Rosalba ní kó lọ sọ fáwọn olùkọ́ kẹ́mísìrì kí wọ́n sún tiwọn. Ó lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Whitcomb, olùkọ́ kẹ́mísìrì rẹ̀. Ìyẹn ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Àwọn olórin ni kó sún. O ṣáà mọ èyí tó ṣe pàtàkì níbẹ̀." Ẹni tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn ní kó máa mí kanlẹ̀, kó sì máa mu omi. Omi!

Nígbà tí gòjé náà wọlé tán, Maren ò yà sí láàbù. Ó wọ́ gòjé gun àtẹ̀gùn, ó ṣí ilẹ̀kùn Whitcomb láìkàn án.

"Maren? A ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ o. Kí nìyí?"

Maren ti pe Rosalba, fóònù wà létí rẹ̀. Ohùn Rosalba jáde: "Níbo lo wà? Àwọn olùkọ́ ti ń jókòó."

Maren gbé fóònù náà sórí tábìlì, ó jẹ́ kó máa pariwo síta. "Ẹ bára yín sọ̀rọ̀."

"Kí lo wí?"

"Láti ìgbà tí mo ti dé ibí ni mo ti ń sáré láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Orí ìrìn ni mo ti ń jẹun. Ẹ ní kí wọ́n sún, wọ́n ní kẹ́ ẹ sún. Mi ò jíṣẹ́ mọ́. Ẹ bára yín jà, kí n wò ó!"

Whitcomb tẹ̀ sọ́dọ̀ fóònù. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Whitcomb ni, láti òdìkejì pápá."

"Háà, Ọ̀jọ̀gbọ́n! Ẹ ò rí òtútù yìí?"

Wọ́n sọ ti òtútù. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Rosalba ní àwọn lè fi Maren ṣe ẹni ìkẹyìn, lẹ́yìn àwọn onífèrè. Whitcomb ní ó dáa, àwọn á ti ṣe tán. Ó parí. Kò gùn tó ìgbà téèyàn fi ń so okùn bàtà.

"O rí i báyìí?" Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò le rárá. Ó yẹ kó o ti sọ tẹ́lẹ̀."

Maren mú fóònù rẹ̀, ó wọ́ gòjé jáde.

Ní láàbù, Odell ti to ìgò sílẹ̀ dè é. "Wọ́n gbà?"

"Wọ́n gbà."

"Kí ló wá ń ṣe ẹ́? Ijó ló yẹ kó o máa jó."

Maren wọ awò ńlá tí wọ́n fi ń dáàbò bo ojú. Ìsìnkú bàbá àgbà rẹ̀ nílùú Duluth ló ń rò, èyí tí kò lè lọ lóṣù kẹwàá, nítorí pé wọ́n ń retí rẹ̀ ní láàbù, wọ́n sì ń retí rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn olórin. Kò sẹ́ni tó ní kó má lọ. Kò ṣáà sẹ́ni tó gbé fóònù pe ẹnì kejì ni.

Omijé mú kí awò náà máa ṣú látinú. Òfin láàbù ò sì gbà kéèyàn yọ ọ́. Maren di etí tábìlì mú, ó ń dúró kí awò náà mọ́.