Ilẹ̀kùn Tí Fawziyah Ò Tì

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kọ̀ǹpútà ńlá ilé ìdánwò Àlàájì Rájí ti dákú láàárọ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Fawziyah sì ti rí ẹni di ẹ̀bi rù. Ó kọ́kọ́ ní iná ló fà á. Ó tún ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń tẹ bọ́tìnnì bí ẹni ń gúnyán.

Àlàájì ò jágbe mọ́ ọn, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ kó yé e. "Fawziyah, ìwọ lo kọ ètò ìdánwò inú kọ̀ǹpútà yìí, mo sì ń fi ọ́ yangàn káàkiri Ẹdẹ. Àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí, lẹ́yìn ìrun Àílà. Bó bá dákú lójú wọn, ètò ará Ìbàdàn ni màá lọ rà o."

Odidi ọdún kan ni Fawziyah fi kọ ètò yẹn!

Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ní kó ka iye sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà ní ṣíṣí nínú rẹ̀. Kì í ṣe ti iná o. Ilẹ̀kùn ni èyí, tí àwọn ètò inú kọ̀ǹpútà kan náà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, bí ará agboolé ṣe ń ké pe ara wọn láti yàrá sí yàrá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọnú ètò ìdánwò, ilẹ̀kùn kan ṣí. Ó jáde, ilẹ̀kùn ọ̀hún ò padé. Òmíràn wọlé, iye tún lé sí i. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ nìyẹn títí kọ̀ǹpútà ò fi ní àyè fún ẹyọ kan mọ́.

"Ta ló kọ irú èyí?" ó bi ara rẹ̀.

Yéè! Òun náà ni. Ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ìyá àgbà rẹ̀, Sàrátù, ló tọ́ ọ dàgbà nínú agboolé tí wọn kì í ti ilẹ̀kùn lójúmọmọ. Màmá á ní ẹni tó jáde ń bọ̀ wá wọlé, kò yẹ kó máa kanlẹ̀kùn ilé baba rẹ̀. Àánú yìí ni Fawziyah gbé wọnú ètò. Àwọn tó ń ṣílẹ̀kùn dè ti parí ìdánwò, wọ́n ti gun ọ̀kadà lọ sílé!

Ẹ̀rín pa á, ojú sì tì í. Ó lọ kúnlẹ̀ fún Àlàájì. "Ẹ̀bi mi ni, sà. Iná ò ṣe nǹkan kan, àwọn ọmọ náà ò sì jẹ̀bi." Lẹ́yìn náà ló kọ ìlà kan kún ètò: ẹni tó bá jáde, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì.

Àwọn olùyẹ̀wò dé, akẹ́kọ̀ọ́ kún inú ilé bámúbámú. Fawziyah ò wojú ẹnikẹ́ni, iye ló ń wò. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn dìde, ó ku ilẹ̀kùn Fawziyah fúnra rẹ̀ nìkan ní ṣíṣí. Kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ sín.

"Ọmọ Ẹdẹ ló kọ ọ́ o!" ni Àlàájì ń wí fún àwọn àlejò ṣáá, ẹnu Àlàájì ò padé mọ́. Inú Fawziyah dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Nírọ̀lẹ́, ó délé, ó sì ti ilẹ̀kùn gbàà lẹ́yìn ara rẹ̀.

"Ta nìyẹn?" Ìyá àgbà ké láti yàrá. "Ta lo fẹ́ tì mọ́ ìta?"

Fawziyah bú sẹ́rìn-ín. Ó padà lọ ṣí i sílẹ̀ gbayawu.

"Ẹ má bínú, màmá. Mo rò pé mo ṣì wà níbi iṣẹ́ ni."