Omi Tí Nọ́ọ̀sì Kò Ráyè Mu

Nọ́ọ̀sì kì í bá èèyàn jiyàn. Ó kàn máa ń jàre ni. Ní ọ́fíìsì ìlera tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rìndínlógún, gbogbo wọn mọ̀ pé bó bá ti ti ìgò ojú rẹ̀ sókè, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó sọ pé òun máa ra ẹ̀rọ afinimọ̀nà, èyí tí àwọn arìnrìn-àjò inú igbó ń mú dání, kò sẹ́ni tó bá a fà á. Ẹ̀rọ ọ̀hún ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Sátẹ́láìtì ló ń bá sọ̀rọ̀, kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bẹ́ẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì sí ní gbogbo òkè tí Nọ́ọ̀sì ń gùn.

Ìdí tó fi rà á kò fara sin. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń gbé àpótí yìnyín kọ́ èjìká lọ sí abúlé tó wà lórí òkè, kó lè gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kò ní ọjọ́ kan pàtó. Ọjọ́ tí oògùn bá dé ló ń lọ. Oríta mẹ́ta ló wà lọ́nà, koríko sì máa ń bo ojú ọ̀nà bí òjò bá ti rọ̀, nítorí náà kò sí bí kò ṣe ní í yà béèrè. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ní oríta àkọ́kọ́, káfíńtà kan á ní kó jókòó, kó mumi. Bó bá mumi tán, káfíńtà á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ní oríta kejì, obìnrin olóyin á bu omi fún un, á sì ro ẹjọ́ àna rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní oríta kẹta, omi náà ni, ẹjọ́ náà ni. Ọ̀sán gangan ni Nọ́ọ̀sì á tó dé òkè, tómi á máa lù gbọ̀ngbọ̀n nínú rẹ̀ bíi kẹ́ẹ̀gì.

“Àwọn èèyàn yìí fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ju ọmọ wọn lọ,” ló máa ń sọ fún ọkọ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, télọ̀ tí máṣíìnì rẹ̀ wà ní pálọ̀, kì í dáhùn ju “hẹn-ẹn” lọ, torí pé abẹ́rẹ́ sábà máa ń wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹni tó ta ẹ̀rọ náà dárúkọ iye kan, Nọ́ọ̀sì san án. Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Máàpù tó wà nínú rẹ̀ ò mọ̀ ju títì ńlá lọ; wọ́n ní máàpù òkè àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ọ̀tọ̀ lowó rẹ̀. Bátìrì tó bá a wá ò lo ìdajì ọjọ́. Ó ra èyí tó ń gba iná, ó tún ra ohun tí wọ́n fi ń fún un níná. Ẹ̀rọ náà já bọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ra àpò rọ́bà fún un. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni lẹ́tà dé pé bó bá fẹ́ máa fi ẹ̀rọ náà kígbe fún ìrànlọ́wọ́ nínú igbó, oṣooṣù ni yóò máa sanwó, ì báà kígbe, ì báà má kígbe.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ náà ń dún píì, píì, lórí tábìlì bí wọ́n ṣe ń jẹun lọ́wọ́.

“Ìyàwó mi,” ni télọ̀ wí, “ọkọ rẹ kejì ń sunkún o. Ebi ń pa á.”

“Bátìrì ló ń béèrè.”

“Ọdún mọ́kànlélógún rèé témi ti wà nínú ilé yìí, mi ò béèrè bátìrì rí.”

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. “Olówó orí mi, ẹ jẹ́ kó jẹun. Abéèrè kì í ṣìnà ni wọ́n ń wí. Èmi ò ní í béèrè mọ́, mi ò sì ní í ṣìnà.”

Òótọ́ ló sọ, kò ṣìnà. Nígbà àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé ẹ̀rọ náà, ọ̀nà àbùjá inú igbó ló gbé e gbà, kò sì fojú kan oríta kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tó fi dé òkè, kò mu ẹ̀kán omi kan, ó sì ń kọrin lábẹ́nú. Ilé mẹ́rìnlá ló wà lábúlé náà. Ìlẹ̀kùn mẹ́rìnlá ló bá ní títì. Ó dúró títí oòrùn fi kọjá àtàrí, yìnyín ń di omi, adìẹ nìkan ló wá wo ojú rẹ̀. Ó gbé oògùn tó gbé gòkè sọ̀ kalẹ̀, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé ìròyìn pé: “Àwọn ìyá kò kọbi ara sí abẹ́rẹ́ ọmọ wọn.”

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ kúrò ní eré. Àrùn èéyi wọ abúlé tó wà lódìkejì odò. Ara ọmọ márùn-ún ti sú, ọ̀kan nínú wọn wà ní ọsibítù tí kò dá ìyá rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ọmọ mọ́kànlá ló wà nínú ìwé Nọ́ọ̀sì fún abúlé òkè, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó tíì gba abẹ́rẹ́ èéyi. Ọ̀gá rẹ̀ ní oògùn ò tó nǹkan. Bí òkè ò bá lò ó lónìí, ibòmíràn ló ń lọ lọ́la. Ẹ̀rù ba Nọ́ọ̀sì, àmọ́ ẹ̀rù tirẹ̀ kì í hàn lójú, ẹsẹ̀ ló máa ń hàn sí. Ó tún tẹ̀ lé ẹ̀rọ gba ọ̀nà àbùjá, aago mẹ́jọ ààbọ̀ ló dé òkè.

Ìlẹ̀kùn tún wà ní títì. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ti ìyá àgbà kan tó jókòó síwájú ilé, tó na ẹsẹ̀ kan sórí àpótí, tó ń ṣa ẹ̀wà.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Àwọn ìyá ọmọ dà?”

“Wọ́n ti gbé ọmọ pọ̀n lọ sóko. Ó di ìrọ̀lẹ́.”

“Ṣé wọn ò mọ̀ pé mò ń bọ̀ ni?”

Ìyá àgbà gbójú sókè. “Ta lo sọ fún?”

“Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mà. Ìgbà wo ni mo ti ń sọ fún èèyàn tẹ́lẹ̀?”

“Gbogbo ìgbà ni. Ṣebí o máa ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ káfíńtà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Á ní kí n mumi, á wá máa sọ ti ẹsẹ̀ rẹ̀.”

“Ẹsẹ̀ wo?” Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi ń dà sílẹ̀. “Ẹsẹ̀ káfíńtà le ju tèmi tìẹ lọ. Ó ń dá ẹ dúró ni, ọmọ mi! Bó o bá ti jókòó, ìyàwó rẹ̀ á bọ́ sẹ́yìnkùlé, á súfèé sáwọn tó wà lóko. Olóyin á dá ẹ dúró kí wọ́n lè ṣáájú ẹ délé. Ẹnì kẹta á dá ẹ dúró kí wọ́n lè wẹ ọmọ. Ìwọ náà rò ó wò. Ǹjẹ́ o débí rí kó o bá ọmọ tí kò tíì wẹ̀?”

Nọ́ọ̀sì rò ó. Kò bá ọ̀kan rí.

“Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi?”

“Ojú máa ń kán ẹ jù. Ta ló fẹ́ sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó rọra?”

Ojú ti Nọ́ọ̀sì, ó tì í gidigidi, nítorí ohun tó kọ sínú ìwé ìròyìn. “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi súfèé sí wọn.”

“Èmi tí mi ò léyín? Ẹ̀yìnkùlé káfíńtà nìkan ni ohùn ti ń dé oko.”

Nọ́ọ̀sì ṣí àpótí wò. Yìnyín ṣì le, àmọ́ kò ní í dúró de ìrọ̀lẹ́. Ó gbé e kọ́ èjìká, ó gba ọ̀nà oríta sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rọ sì ń dún kíkankíkan lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ti ṣìnà.

Káfíńtà ń fá pákó nígbà tó yọ. Ó rí i pé òkè ló ti ń bọ̀. Ó rí ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọ̀nà hàn kedere lójú ẹ̀rọ ọ̀hún.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà,” ni Nọ́ọ̀sì wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ló lọ sókè?”

Káfíńtà wò ó, ó wo òkè, kò sì rẹ́rìn-ín. “Ọwọ́ ọ̀tún ni. Ẹ jókòó ná, kẹ́ ẹ mumi.”

Ìyàwó rẹ̀ ti kọrí sẹ́yìnkùlé. Súfèé náà gùn, ó sì rinlẹ̀. Kò pẹ́, òmíràn dáhùn láti oko, òmíràn tún gbà á lókèèrè. Nọ́ọ̀sì ń mu omi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Ẹsẹ̀ yín ńkọ́, sà?”

“Háà, ẹsẹ̀ yìí!” Káfíńtà fa àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ látìgbà tó ti wà lọ́mọdé. Nọ́ọ̀sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ pátá, ó tún béèrè omi sí i. Ó mu tolóyin, ó mu tẹnì kẹta.

Nígbà tó padà dé òkè, ìlẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọmọ mọ́kànlá wà lórí ẹsẹ̀ ìyá wọn, omi ìwẹ̀ ò tíì gbẹ lórí wọn. Bó ṣe ń gbé àpótí kalẹ̀, ẹ̀rọ dún píì nínú àpò rẹ̀.

“Kí nìyẹn wí?” ni ìyá kan tí erùpẹ̀ oko ṣì wà léèékánná rẹ̀ béèrè.

“Ó ní mo ti dé.”

“Ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀?” Obìnrin náà ká apá aṣọ ọmọ rẹ̀ sókè, ó sì gbé e síwájú. “Àwa ti mọ̀ látìgbà tẹ́ ẹ ti ń mumi.”