Kí Ló Ń Lé Ìyá Súnkànmí?

Bí ẹ bá gba Òmù-Èkìtì kọjá láàárọ̀ Sátidé lónìí, ẹ ò ní rí ẹni tó ń sáré níbẹ̀ àfi ọlọ́kadà. Ó máa ń dùn mí. Nígbà tiwa, ní nǹkan bí ọdún 2002, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí a ó ti wà lójú títì, tọkùnrin tobìnrin, pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá lọ́wọ́, tí a ó máa sáré, tí a ó sì máa kọrin.

Olúrẹ̀mí ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Tíṣà eré ìdárayá ni nílé-ìwé girama, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ̀. Ó ní kí èèyàn sáré títí kó làágùn, kó wá padà sílé lọ jókòó, òun ò rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ibi tí a bá sáré dé, ká ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí a bá sáré dé ọsibítù kékeré ìlú, a ó ro koríko rẹ̀. Bí a bá sáré dé ọjà, a ó gbá a. A máa ń pọnmi fún àwọn àgbà tí kò lọ́mọ nílé. Tèmi yàtọ̀ o. Ikùn tí mo kó lẹ́yìn tí mo bí Dámilọ́lá ló gbé mi wọ ẹgbẹ́, n ò ní purọ́ fún yín.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí ìlú rí wa tí a ń sáré bọ̀ pẹ̀lú àdá, tí Nímọ́tà, ọ̀kan nínú àwa obìnrin ẹgbẹ́, wà níwájú tó ká ìró rẹ̀ sókè, wọ́n rò pé olè là ń lé. Àwọn ọkùnrin mú igi, wọ́n bá wa sáré dé ọsibítù kí wọ́n tó béèrè ibi tí olè náà gbà. A ní kò sí olè. Inú bí wọn. Bàbá arúgbó kan ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí a ò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé wa. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ojúlé tí a bá kọjá ni wọ́n ti ń bi wá pé kí ló ń lé wa, àwa náà á sì dáhùn pé ọ̀rá ni.

Ẹnìkan ṣoṣo tí kì í fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni Ìyá Súnkànmí. Opó ni, ilé rẹ̀ wà ní ìparí ìlú lọ́nà Ọyẹ́-Èkìtì, oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilé. Ó ṣubú nígbà ọyẹ́, ìbàdí rẹ̀ yẹ̀, kò sì lè tẹ̀ ba ọkọ́ mọ́. Nígbà tí Àjíǹde fi máa dé, koríko ti bo ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀. Súnkànmí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wá láti Ìbàdàn, ó rí oko náà, ó ní ibi tí màmá òun ti ń jẹ ti di igbó, kò sì sí ẹni tó ń bójú tó o. Ó ní tí oṣù tó ń bọ̀ bá parí, òun á wá gbé e lọ. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n màmá kò fẹ́ lọ. Nígbà tí a bá a lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Ó ní, "Ulé mi rè é. Ta ni mo mọ̀ n'Ìbàdàn? Ta ni ó máa kí mi láàárọ̀?"

Olúrẹ̀mí ní ọ̀rọ̀ náà ò le. Bí oko bá mọ́, kí ni Súnkànmí á tún wí? Sátidé tó tẹ̀ lé e, a sáré dé ibẹ̀, àfi bí màmá ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà oko pẹ̀lú ọ̀pá, tó ní kí a má wọlé. Ó ní ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń gún iyán fún àwọn tó wá ṣe é. Òun ò níṣu, òun ò sì lágbára odó. Olúrẹ̀mí ní a ò fẹ́ oúnjẹ. Ibẹ̀ ló ti bà á jẹ́. Màmá bi í bóyá òun ti di alágbe ni.

Nímọ́tà se ẹ̀wà lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé e gba ẹ̀yìnkùlé, kí màmá lè bù ú fún wa bí ẹni pé òun ló sè é. Màmá wo ìkòkò náà, ó ní òun mọ ìkòkò òun. A tún padà. Inú bí mi débi pé mo ní kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ Ìbàdàn lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ẹni tí a fẹ́ gbè tó tún ń lé wa padà yìí.

Nígbà tí a dé ọjà ni Nímọ́tà ní ọ̀wẹ̀ ló níyán, àáró ò níyán. Ṣé ẹ mọ àáró: ẹ bá mi ro tèmi lónìí, n óò bá yín ro tiyín lọ́la, ẹnikẹ́ni ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kan náà la padà sí ilé màmá. Nímọ́tà kúnlẹ̀, ó ní a ò wá ṣe ọ̀wẹ̀, a wá bẹ̀ ẹ́ pé kó wọ ẹgbẹ́ àáró wa ni. Màmá béèrè ohun tí òun máa fi san tòun pẹ̀lú irú ìbàdí yìí. Nímọ́tà ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ká.

Olúrẹ̀mí, olórí kunkun, tún ní òfin kan wà o: ẹsẹ̀ la fi ń dé ibi iṣẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ kì í gun ọ̀kadà. Díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí. Ṣùgbọ́n màmá rẹ́rìn-ín. Ó wọ yàrá, ó sì jáde pẹ̀lú bàtà kanfáàsì olóògbé ọkọ rẹ̀, ó fi okùn dì í mọ́ ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ náà la ro oko rẹ̀ mọ́.

Bó ṣe di ará wa nìyẹn. A ó sáré lọ síwájú, a ó sáré padà wá pàdé rẹ̀, a ó tún lọ. Eré tí à ń sá di ìlọ́po méjì. Òun ló bá mi gbé ikùn yẹn lọ. Tó bá dé oko Nímọ́tà, á gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, á jókòó sábẹ́ igi, á máa bó ẹ̀gúsí, á sì máa bú àwọn tí ebè wọn wọ́.

Oṣù parí, Súnkànmí dé láàárọ̀ Sátidé. Ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ó yí sẹ́yìn ilé, oko mọ́ tónítóní, kò sí ìyá. Ará ilé kejì sọ fún un pé màmá rẹ̀ ti sáré gba ọ̀nà Ọyẹ́ lọ. Ẹ sọ irú ìròyìn yẹn fún ọmọ tó mọ ìbàdí ìyá rẹ̀. Ó rò pé orí ìyá òun ti dàrú. Ó wa mọ́tò tẹ̀ lé wa.

Èmi àti Nímọ́tà la padà wá pàdé màmá nígbà tí mọ́tò náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Súnkànmí bọ́ sílẹ̀, kò ti ilẹ̀kùn. Ó wo bàtà bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, ó wo agbọ̀n ẹ̀gúsí tó rù.

Ó ní, "Màmá, kí ló ń lé yín?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lára wa. Màmá dá a lóhùn.

"Ùwọ ni, Súnkànmí. Ùwọ lò ń lé mi kúrò n'ulé mi."

Ọkùnrin náà dúró sójú títì. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Nígbà tó yá, ó ní kí màmá wọ mọ́tò kí òun gbé e dé ibi tó ń lọ. Màmá ní ẹgbẹ́ àwọn kì í gun mọ́tò, oko Ìyá Dámilọ́lá lòun ń lọ, àáró ni, kó má dá òun dúró. Súnkànmí ti ilẹ̀kùn mọ́tò. Ó gba agbọ̀n lórí ìyá rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé e jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lóko mi, ó kọ ebè lọ́jọ́ náà, ó wọ́ débi pé èmi ni mo tún gbogbo rẹ̀ kọ, ìyá rẹ̀ sì bú u bó ṣe ń bú wa. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òun nìkan ló padà sí Ìbàdàn.

Ìjọba gbé Olúrẹ̀mí lọ sí ìlú mìíràn. Nímọ́tà bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìlọrin. Inú ilé ara rẹ̀ ni màmá ti fi wá sílẹ̀, lẹ́yìn ọdún púpọ̀, bó ṣe fẹ́ ẹ. Ikùn mi ti padà dé. Láwọn Sátidé mìíràn, mo máa ń dìde ní kùtùkùtù, n óò rìn gba ojú títì dé iwájú ilé màmá, n óò sáré díẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá gbà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé tirẹ̀ bi mí bíi ti àtijọ́ pé, "Ìyá Dámilọ́lá, kí ló ń lé yín?"

Mo ní kò sí nǹkan tó ń lé mi. Èmi ni mò ń lé àwọn tí a jọ ń sáré.