Ọkùnrin Tó Wọ Sálúọ̀nù Àlàájà

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn ná, nítorí nínú gbogbo ohun tí Mubarakah kọ nípa wa sórí Fesibúùkù, ẹ̀rín tí mo rín nìkan ló jẹ́ òótọ́ níbẹ̀.

Rahmah ni orúkọ mi. Ilé ìṣerun Àlàájà Azeemah, lójú ọ̀nà Ìbàdàn níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ lè kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ kí ẹ má mọ̀ pé sálúọ̀nù ni, torí a kì í ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, aṣọ títa tó nípọn sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin tó ń borí ni oníbàárà wa: ìyàwó ilé, akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìjagun, àwọn ìyá àsàlátù. Tí wọ́n bá wọlé, wọn á ká hìjáàbù kúrò lórí, ọkàn wọn á sì balẹ̀, nítorí Àlàájà ti ṣèlérí fún wọn pé ọkùnrin kankan ò ní rí wọn. Ọkọ Àlàájà fúnra rẹ̀, ìta ló máa ń dúró sí tó bá wá gbé e. Ìlérí yẹn gan-an là ń tà. Irun dídì, ta ni ò lè dì í?

Iléyá ti sún mọ́, inú ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́, ni díráyà kan bá kú lórí ìyá kan. Mo pe Mofẹ́olúwa. Rìwáyà ni, ọmọ Ìbẹfun, òun sì nìkan ni obìnrin tí a mọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ iná ní gbogbo agbègbè wa, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òun nìkan ló ń tún nǹkan ṣe fún wa. Ó ga, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣòkòtò àti fìlà ló máa ń wọ̀ síbi iṣẹ́. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bó ṣe máa ń ṣe.

Mubarakah, tí kò wá sọ́dọ̀ wa rí, jókòó síwájú dígí, orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ó rí Mofẹ́olúwa nínú dígí, ó pariwo, ó fa tówẹ̀lì bo orí. Mo ní, "Ẹ farabalẹ̀, obìnrin ni." Bó ṣe ká jọ sórí àga pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu mi. Kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó di hìjáàbù rẹ̀ mọ́ra, ó sì jáde tòun ti irun tí a ò tíì dì dé ìdajì.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ tí Mubarakah kọ ti wà níta. "Wọ́n mú ọkùnrin wọlé bá wa nínú sálúọ̀nù tí wọ́n pè ní ti obìnrin nìkan. Nígbà tí mo pariwo, òṣìṣẹ́ wọn tó ń jẹ́ Rahmah fi mí ṣẹ̀sín." Ó dárúkọ ṣọ́ọ̀bù, ó dárúkọ òpópónà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn tí mi ò mọ̀ rí ti ń ṣépè fún mi. Obìnrin kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé òun náà ti bá ọkùnrin níbẹ̀ rí. Ẹ gbà mí gbọ́, obìnrin yẹn ò fẹsẹ̀ kan ọ̀dọ̀ wa rí láyé rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó pè wá kó bi wá pé kí ló ṣẹlẹ̀. Àwọn tó pè, wọ́n ní àwọn ò wá mọ́ ni. Olórí àwọn ìyá àsàlátù pe Àlàájà, ohùn rẹ̀ tutù, ó ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òun ò ní tíì wá ná. Ìyá mi pè láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀: "Rahmah, ṣé ìwọ ni wọ́n ń sọ yìí?" Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Báwo ló ṣe wá jẹ́?" Mo ní màá pè é padà.

Ẹ̀rí la ò ní. A ò ní kámẹ́rà, a ò sì lè ní in láéláé. Ta ló máa ṣórí sílẹ̀ níwájú kámẹ́rà?

Ẹ̀gbọ́n Àlàájà, Alhaji Yẹ̀kínì tó ń ta táyà, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń sọ̀rọ̀ gba inú aṣọ títa wọlé. "Lé ọmọ yẹn lọ, kó o sì kéde ẹ̀. Kí wọ́n rí i pé o ti ṣe nǹkan kan." Mo wà nínú ilé, mò ń gbálẹ̀ tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Nígbà tó lọ, Àlàájà bi mí, "Ṣé lóòótọ́ lo rẹ́rìn-ín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ má bínú."

Ó wo ẹnu ọ̀nà tí Alhaji gbà lọ. Mo rí i pé ó ti fẹ́ ní kí n máa lọ, ni mo bá yára sọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́: "Àlàájà, tí Mofẹ́olúwa bá jáde nínú fídíò, tó ní òun ni wọ́n rí, ṣé ọ̀rọ̀ ò ní tán?"

Mofẹ́olúwa gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ dání nígbà tó dé. Ó rò pé díráyà ni.

Àlàájà ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ ọ dópin. Ó ní, "Ẹ fẹ́ kí n wá máa sọ fáráyé pé obìnrin ni mí?"

"Ọ̀rọ̀ kékeré ni, jọ̀ọ́. Kó o kàn sọ ọ́, kó tán."

"Tí wọ́n bá ní àwọn ò gbà ńkọ́, mà?"

Mofẹ́olúwa yíjú sí mi. "Rahmah, ìwọ lo ní kí wọ́n pè mí?"

"Wọ́n fẹ́ lé mi ni," mo ní.

Ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣí fìlà. Àlàájà gbé fóònù sókè, ó wò ó níbẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀. "Kò tíì hàn dáadáa pé obìnrin ni ẹ́," ló sọ, ó sì rọra sọ ọ́. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọṣọ fún un nìyẹn. Bùbá mi ni, kò tó o lápá. Gèlè Àlàájà ni. A kun ètè rẹ̀. Mo mú yẹtí, ṣùgbọ́n ihò etí rẹ̀ ti fẹ́ dí, ó ti pẹ́ tó ti wọ yẹtí kẹ́yìn. Mo tì í títí ó fi wọlé. Ẹ̀jẹ̀ yọ díẹ̀, mo sì fi òwú nù ún. Kò wò mí.

"Orúkọ mi ni Mofẹ́olúwa," ló sọ sínú fóònù. "Rìwáyà ni mí. Obìnrin ni mí."

"Ṣé o lè jẹ́ kí ohùn ẹ rọ̀ díẹ̀ sí i?" Àlàájà ní.

Ó tún un sọ.

Fídíò yẹn ràn ju ọ̀rọ̀ Mubarakah lọ. Àwọn kan gbà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú Mubarakah. Àwọn kan ní kí a wo èjìká rẹ̀, kí a wo ọ̀fun rẹ̀, kí a sọ irú obìnrin tó rí báyìí. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Mo kà á títí ojú fi tì mí, mo sì pa fóònù. Mubarakah pa ọ̀rọ̀ tó kọ rẹ́, ó ní ojú ló tan òun. Àwọn àsàlátù padà. Àlàájà dá hìjáàbù tuntun fún mi, mo sì sùn lóru ọjọ́ náà. Mo pe Mofẹ́olúwa láti dúpẹ́. Kò gbé e. Mo tún pè é lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ tí Iléyá ku ọ̀la, kò síbi téèyàn lè fẹsẹ̀ sí nínú ṣọ́ọ̀bù wa. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí ta iná pàràpàrà, òórùn wáyà gba ilé, gbogbo díráyà kú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí irun wọn ṣì tutù pọ̀ nílẹ̀. Mo pe Mofẹ́olúwa, ó dún títí ó fi já. Àlàájà fi fóònù tirẹ̀ pè é, ó sì gbé e.

"Mofẹ́, jọ̀ọ́, ilé fẹ́ jó."

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ látinú fóònù. Kò rọ̀ rárá. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ pe ọkùnrin."

Alhaji Yẹ̀kínì ló bá wa wá rìwáyà ọkùnrin kan. Àlàájà ní kí gbogbo èèyàn borí, kí wọ́n bọ́ síta. Wọ́n tò jáde, omi ń kán lábẹ́ hìjáàbù wọn, wọ́n dúró sínú oòrùn lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí gbogbo ọlọ́kadà ti ń wò wọ́n. Mubarakah, tó ti padà wá dirun ọdún, wà láàárín wọn. Ìdajì orí rẹ̀ ni mo ti dì.

Ó fà mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. "Obìnrin yẹn dà," ló bi mí, "èyí tó máa ń tún un ṣe?"

Mo ká aṣọ títa sókè fún rìwáyà náà, ó kí mi ní àsàlámù àlékùn, ó sì wọlé.