Àpótí Ẹja Tí Onígíláàsì Fi Sílẹ̀

Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, Tísà wà níwájú pátákó, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì fa àmì ohùn sórí gbólóhùn kan. Ọ̀gá ilé ìwé yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó na fóònù sí i. Fóómàǹ ibi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Onígíláàsì, ọkọ rẹ̀, ti ré bọ́ láti orí àkàbà níbi tó ti ń fi gíláàsì sí fèrèsé àjà kẹta. Kò jẹ̀rora pẹ́, fóómàǹ ló sọ bẹ́ẹ̀. Tísà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dá fóònù padà, ó padà sídìí pátákó, ó sì ń fa àmì lọ fún wákàtí méjì títí agogo fi lù. Kì í ṣe pé kò gbọ́. Ẹnu tó máa fi sọ ọ́ ni kò rí.

Nítorí wákàtí méjì yẹn ni ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, kò ṣe forí jì í.

“Ọmọ mi kú,” Màmá á wí fún ẹni tó bá wá kí wọn, “ìyàwó ẹ̀ ń fàmì sórí ọ̀rọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹnu aládùúgbò ni mo ti gbọ́ ọ.”

Abẹ́ òrùlé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé, ilẹ̀kùn yàrá wọn kọjú síra. Wọn kì í pariwo. Màmá á ṣí ilẹ̀kùn gbàgà, Tísà á rọra tì í. Tísà á bu iyọ̀ sí ọbẹ̀, Màmá á tún un bù. Bí Tísà bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á dá a lóhùn, àmọ́ ògiri ni yóò máa wò.

Lóṣù kejì, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó ẹrù Onígíláàsì wá: ọ̀bẹ tó fi ń gé gíláàsì, bàtà iṣẹ́ rẹ̀, àti àpótí gíláàsì kan tí wọ́n fi aṣọ ìbora wé bí ọmọ tuntun. Ó lè gba lítà ogójì omi. Àjẹkù gíláàsì ibi iṣẹ́ náà ló fi ṣe é, ó sì ti ha etí rẹ̀ títí tí kò fi lè ya èèyàn lọ́wọ́. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń sọ pé òun á sin ẹja sílé. Bébà kan wà nínú àpótí náà. Lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà ló wà lára rẹ̀, láìsí àmì kankan, bó ṣe máa ń kọ̀wé:

E JO YAN EJA TI O BA WU YIN. E MA KO EJA SI LOJO TI E BA PONMI.

Nígbà ayé rẹ̀, bó bá fi ìwé pélébé sílẹ̀ lórí tábìlì, Tísà á kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù to àmì sí i. Onígíláàsì á bú sẹ́rìn-ín: “O tún ti da èèrà sórí ìwé mi.” Lọ́tẹ̀ yìí, Tísà kò mú pẹ́ńsù.

Màmá gba bébà náà, ó gbé e jìnnà sójú.

“‘Ẹ jọ̀ọ́, yan ẹja tó bá wù yín.’ Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Ta ló ń sọ ‘ẹ’ fún ìyàwó ẹ̀? Ta ló ń bẹ ìyàwó ẹ̀ ní ‘ẹ jọ̀ọ́’? Èmi ni mo ni àpótí yìí. Yàrá mi ló ń lọ.”

Ohun kan ṣoṣo ni Tísà ń fẹ́: kí iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ṣe kẹ́yìn rí bó ṣe fẹ́ kó rí, kí ohun tó bá wọ inú rẹ̀ má kú. Òkú kan ti tó o lọ́dún yẹn.

“Màmá, màá bá yín lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ja.”

“Ta ló pè ẹ́?”

Lọ́jọ́ Sátidé, Tísà tẹ̀ lé e.

Ṣọ́ọ̀bù náà ṣókùnkùn, ó ń rùn bí ewé tútù. Àpótí wà lórí àpótí láti ilẹ̀ dé òkè, atẹ́gùn ń hó pútúpútú nínú gbogbo wọn. Ìwé kan náà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìkọ̀ọ̀kan: MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN. Ìdí nìyẹn tí àdúgbò fi ń pe ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ní Máfọwọ́kàn-án. Wọ́n ní ó rọrùn kéèyàn tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ju kó ra ẹja lọ.

Màmá fọwọ́ kàn án. Ó fi ìka gbá gíláàsì níbi tí àwọn ẹja wúrà ti ń lúwẹ̀ẹ́.

“Mẹ́rin nínú àwọn wọ̀nyí. Dì wọ́n fún mi.”

“Báwo ni àpótí yín ṣe tóbi tó?”

“Lítà ogójì,” Tísà dáhùn.

“Mi ò tà.”

“O ò kí ni?” Màmá bi í.

“Mi ò tà, Màmá. Ẹja wúrà yìí á dàgbà tó àtẹ́lẹsẹ̀ yín. Ìgbẹ́ ẹ̀ nìkan, ẹ̀yin gan-an ò ní lè jókòó tì í. Ẹ̀ẹ́ rọ́ mẹ́rin sínú agolo, ẹ̀ẹ́ wá padà wá máa bú mi.”

“Agolo! Ohun tí ọmọ mi fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, òun lò ń pè ní agolo? Ìwọ tó o kọ ‘má fọwọ́ kàn án’ sára gbogbo nǹkan, ṣé o ti kọ ọ́ síwájú orí ẹ? Torí ọwọ́ ń yún mi.”

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó nàka sí àwọn ẹja kéékèèké kan tí wọn kò gùn ju oríkèé ìka lọ, tí ìrù wọn ń fẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá sínú atẹ́gùn.

“Ìwọ̀nyí ló lè gbébẹ̀. Mẹ́fà, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ra asẹ́ oníkànrìnkàn tó máa sẹ́ ìdọ̀tí inú omi, torí asẹ́ ńlá á máa fa ìrù wọn. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ nìyí, ẹ ṣàn án dáadáa. Ewéko méjì. Kẹ́ ẹ sì mú òògùn yìí, torí ohun tí wọ́n ń dà sínú omi ẹ̀rọ máa ń pa wọ́n.”

“Asẹ́ wà nílé,” Màmá wí.

“Ti ilé ìdáná kọ́ ló ń wí, Màmá,” Tísà rọra sọ.

“Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ó dáa, kó gbogbo ẹ̀ wá, àti ẹja mẹ́fà. Òní ni wọ́n ń wọlé.”

Máfọwọ́kàn-án ti mú àwọ̀n kékeré. Ó gbé e sílẹ̀.

“Ṣé omi ti wà nínú àpótí yín?”

“A máa pọn ọ́n tá a bá délé.”

“Ẹ ò ní gba ẹja lọ́wọ́ mi lónìí nìyẹn.”

Màmá na bébà sí i lójú. “Ọmọ mi kọ ọ́ síbí. ‘Ẹ máa kó ẹja sí i lọ́jọ́ tí ẹ bá pọnmi.’ Àbí o ò mọ̀wé kà ni?”

Ọkùnrin náà kà á, ó tún un kà. “Ta ló kọ ọ́?”

“Ọkọ mi,” ni Tísà wí.

“Ọmọ mi,” ni Màmá wí. Ẹnu wọn papọ̀.

Ọkùnrin náà gbé ojú kúrò lára bébà náà. “Onígíláàsì? Ibi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn ló máa ń dúró sí. Kì í ra nǹkan, kì í fọwọ́ kan nǹkan. Èmi ni mo kọ́ ọ lọ́rọ̀ omi, kò sì lè kọ ‘máa’. ‘Ẹ má kó ẹja sí i’ ló kọ. Omi ọjọ́ kan, òkú omi ni. Asẹ́ á kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, kí àwọn kòkòrò tójú ò rí, tó ń jẹ ìdọ̀tí ẹja, lè fi inú kànrìnkàn ṣelé. Tẹ́ ẹ bá kó ẹja sí i lónìí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ̀ẹ́ máa fi ṣíbí kó òkú.”

Màmá yí sí Tísà.

“Ìwọ lo mọ àmì. Wákàtí méjì lo fi fa àmì lọ́jọ́ tó kú. Kí ló dé tó ò fà á sí èyí? Ṣe lo fẹ́ kí n fọwọ́ ara mi pa ẹja tí ọmọ mi ní kí n sìn, kó o lè fi mí ṣẹ̀sín.”

“Rárá, Màmá.” Tísà ń wo àwọn ẹja. “Ìwé tó kọ kẹ́yìn nìyẹn. Tí mo bá ti fàmì sí i, ó parí. Kò tún ní sí òmíràn tí màá fàmì sí mọ́.”

Màmá wò ó. Ojú náà kò rọ̀, àmọ́ láti oṣù méjì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kì í ṣe ògiri ló wò.

Wọ́n ra asẹ́, ẹ̀rọ, òkúta, ewéko àti òògùn. Wọn kò ra ẹja. Títí wọ́n fi délé, Màmá kọ̀ kí Tísà bá òun gbé àpò òkúta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń mí gúlegúle.

Àpótí náà kò ṣeé dá gbé. Tísà di ẹ̀gbẹ́ kan mú, Màmá di èkejì, wọ́n kọrí sí yàrá Màmá. Wọ́n dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì, níbi tí tábìlì Onígíláàsì wà.

“Sọ̀ ọ́ síbí,” Màmá wí. “Apá ń ro mí.”

Wọ́n ṣan òkúta títí omi rẹ̀ fi mọ́. Wọ́n gbin ewéko. Tísà ń pọnmi, Màmá ń rọra dà á sórí àwo pẹrẹsẹ kí òkúta má bàa tú. Nígbà tó kan garawa kẹta, Màmá dúró.

“‘Ẹ dákun,’” ó wí.

“Màmá?”

“Ọmọ yẹn kì í sọ ‘ẹ jọ̀ọ́’. Láti kékeré, ‘ẹ dákun’ ni ti ẹnu ẹ̀. Tó bá fọ́ àwo, ‘ẹ dákun’. Nígbà tó fẹ́ fẹ́ ọ, tí mo ní mi ò fẹ́, ó wà lórí ìkúnlẹ̀: ‘Màmá, ẹ dákun.’” Ó da omi tó kù. “Kò sọ ‘ẹ jọ̀ọ́’ fún mi rí. Mo mọ̀ lọ́jọ́ tí mo kà á.”

Garawa wà lọ́wọ́ Tísà. Ó tún gbólóhùn náà kà lọ́kàn. Ẹ jọ yan ẹja. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ‘ẹ’ yẹn kì í ṣe ti àgbà. Èèyàn méjì ló ń bá sọ̀rọ̀.

“Má rò pé mo ti forí jì ẹ́ o,” Màmá wí. “Lọ fàmì sí i, kẹ́nì kan má bàa tún ṣì í kà.”

Tísà nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Ó tẹ́ bébà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, níbi tí asẹ́ ti ń hó nínú omi tí kò lẹ́ja. Ó fi pẹ́ńsù fa àmì òkè sórí MA. Ó wá gbé pẹ́ńsù sábẹ́ O tó wà nínú JO, ó to èèrà kan ṣoṣo síbẹ̀, kò sì fi nǹkan kan sórí rẹ̀.