Òjé Orí Òkè

Mo mú ṣọ́bìrì kékeré tí mò ń lò ní ṣọ́ọ̀bù, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bu erùpẹ̀ létí odò. Omíyalé ti fà, ṣùgbọ́n ó fi ẹrẹ̀ dúdú bo oko ẹ̀fọ́ méjìlá, ti ìyàwó mi sì wà lára wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní bí òjé bá wà nínú ẹrẹ̀ náà, gbogbo oko ni àwọn máa tì pa, torí májèlé ni. Bátìrì ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe. Mo mọ òjé bí ẹní mowó. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n bu erùpẹ̀ náà.

Ìyàwó mi ní kí n bu díẹ̀ lórí òkè ẹ̀yìnkùlé wa, níbi tí omi ò dé, ká lè rí nǹkan fi wé e.

Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò ìjọba. Èsì dé: òjé wà nínú gbogbo ẹ̀, títí kan ti orí òkè.

"Bàbá Bátìrì," ìyàwó mi wí, "ṣé omi gun òkè wá kí wa ni?"

"Kò gùn ún."

"Ta ló wá gbé òjé gòkè?"

Mo wo ṣọ́bìrì náà. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fi í kó òjé inú bátìrì tó ti kú.

"Ọ̀gá onímọ̀!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Ẹ gbé òjé dání, ẹ ń wá òjé kiri."

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo lọ bá ọ̀gá ilé àyẹ̀wò. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mo fi ṣọ́bìrì mi ba erùpẹ̀ náà jẹ́. Ẹ má tíì ti oko." Ó fún wa lọ́sẹ̀ kan.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo wẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ, mo ra ṣíbí onígi tuntun. Ìyàwó mi ń di ẹnu ọ̀rá mú kí ọwọ́ mi má bàa kàn án. Ojú márùn-ún la ti bu erùpẹ̀ lórí oko kọ̀ọ̀kan àti lórí òkè. A pò ó pọ̀, a sá a síbòòji, a fi asẹ́ oníke jọ̀ ọ́. A ya àwòrán odò, a fi nọ́ńbà sórí oko kọ̀ọ̀kan.

Èsì kejì dé. Orí òkè mọ́ tónítóní. Oko mẹ́sàn-án mọ́. Mẹ́ta tó wà níbi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà nìkan ló ní òjé, ó sì yé mi kedere: ibẹ̀ ni omi ti ń rọra rìn, ibẹ̀ náà ló ti ń sọ ẹrù kalẹ̀.

Wọ́n ti mẹ́ta yẹn pa, wọ́n sì fún àwọn tó ni ín ní ilẹ̀ míì lókè. Wọ́n ṣí mẹ́sàn-án yòókù, ti ìyàwó mi pẹ̀lú. Ọ̀gá ilé àyẹ̀wò lẹ àwòrán wa mọ́ ògiri, ó sì gbé iṣẹ́ àyẹ̀wò àwọn oko òdìkejì odò fún wa. Orúkọ ìyàwó mi ló ṣáájú tèmi lórí ìwé iṣẹ́ náà. Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.